Ìjábọ̀ Òru

Aago méjì òru ní Regina.
Òjò dídì ti bo òpópónà Albert,
ilé àwọn arúgbó dákẹ́,
àfi fíríìjì tó ń kùn
bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó oṣù.
Mo jókòó ti ìwé ìjábọ̀, mo kọ ọ́ pé:
"Ara Màmá Halvorsen kò fi bẹ́ẹ̀ yá lálẹ́ yìí."
Mo kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó dùn létí.
Mo bu ọwọ́ lù ú.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi kọ́ ọmọ ní Yorùbá n'Ìkìrun.
Ẹni tó bá ní n kò mọ ọ̀rọ̀ tò,
kó lọ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi.

Doreen dé ní aago méje,
bàtà rẹ̀ ń ro omi sílẹ̀.
Ó fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀ mi.
"Kò fi bẹ́ẹ̀ yá. Kí ni ìyẹn?
Ṣé ó bì ni? Ṣé ó ṣubú?
Ṣé Walter ló tún ń pè?
Ẹni tó ń bọ̀ wá gba iṣẹ́ kò sí níbí lóru.
Ojú rẹ ni kí o yá a."

Inú bí mi dé ibùdókọ̀.
Mo ń dá sọ̀rọ̀ sínú súkáàfù:
àwa tí wọ́n ti kékeré kọ́
pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí,
bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi!
Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì pẹ́.
Otútù kì í jẹ́ kí ènìyàn tan ara rẹ̀ pẹ́.
Nílé, ibi tí àbọ̀ ti ń di odindi wà:
inú ẹni tó mọ baba mi,
tó mọ ikọ́ mi yàtọ̀ sí ìkìlọ̀ mi.
Níbí, ó bọ́ lulẹ̀ lórí yìnyín,
àbọ̀ náà ló wà títí ilẹ̀ fi mọ́.
Wọ́n ní kí n jábọ̀;
àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni mo jẹ́.

Alẹ́ ọjọ́ kejì:
"Aago mẹ́wàá, ó kọ ọbẹ̀.
Aago mọ́kànlá ààbọ̀, ó pe Walter lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń wo ilẹ̀kùn.
Aago kan, ife bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀.
Mo gbé òmíràn fún un, òsì ló fi gbà á.
Mo ní kó rẹ́rìn-ín.
Apá kan ẹnu rẹ̀ gbéra, ìkejì kò mira."
Mo wo gbólóhùn yẹn.
Kò ní òwe. Kò ní ẹwà kankan.
N kò dúró de Doreen.
Mo gbé fóònù, mo kà á bí mo ṣe kọ ọ́,
ọkọ̀ aláìsàn sì dé kí omi tíì mi tó hó.

Ó padà lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá.
Ó ṣì ń pe Walter.
Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, Ìbídùn ẹ̀gbọ́n mi pè.
"Ṣé dáadáa lo wà?"
Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń fi "A dúpẹ́" dá a lóhùn,
bí ẹni ń fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.
Lọ́jọ́ yẹn, mo yá a ní ojú mi.
"Ẹ̀gbọ́n, ìdúró ni mo ti ń jẹun.
Inú òkùnkùn ni mo ń jáde, inú òkùnkùn ni mo ń wọlé.
Àbíkẹ́yìn mi bá mi sọ̀rọ̀ lánàá,
n kò gbọ́ ju ìdajì lọ.
Ìkòkò tí ẹ dì fún mi ṣì wà nínú páálí."

Ó dákẹ́.
Mo ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò rẹ̀.
Ó wá ní,
"Páálí wo?
Èyí tí mo fi okùn pupa dì,
àbí èyí tí etí rẹ̀ ti ya?"